Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ìrìn

Ìwé ètò ìsìnkú tí àwọn ọmọ mi tẹ̀ fún ìyá wọn dára púpọ̀. Bébà rẹ̀ ń dán, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, wọ́n sì kọ ọ́ sí ojú ewé kejì pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi àti ìyá wọn ti pàdé, níbi tí Olúwa ti fi ojú àánú wò wá. N kò mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi. Nígbà tí ọmọ bá ń da ìbéèrè bo ènìyàn, èyí tó bá yá ni ènìyàn máa ń dáhùn.

Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì la ti pàdé, ní Ìkẹjà, lábẹ́ agogo iná kan tí igbe rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há mọ́. Ojú àánú kọ́ ló fi wò mí lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án péré tí mo fọwọ́ ara mi kọ sára páálí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo kàwé jù nínú gbogbo wa tó wà níbẹ̀, àyàfi máníjà, tó jẹ́ òyìnbó, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ọdún díẹ̀ ló kù nígbà náà kí òmìnira dé. Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìbàdàn, ìjọba náà sì ti pinnu pé oko obì kò bá ìgbà mu mọ́. Wọ́n hú obì, wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà, wọ́n kọ́ àwọn ilé gbàǹgbà tí páànù bò, wọ́n sì ní kí àwọn òyìnbó wá fi ẹ̀rọ kún un. Láràárọ̀ ni àwọn obìnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Agége, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èmi ni mo ń mójú tó iná. Mo ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Yábàá, mo ní bírò mẹ́ta nínú àpò ẹ̀wù mi, àwọn obìnrin náà sì ń pè mí ní Bùrọ̀dá Iná. Mo rò pé oyè ni.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan ní Ìbàdàn bu bisikíìtì wa jẹ, ó sì bá ìṣó nínú rẹ̀. Ó fi ìṣó náà ránṣẹ́ sí wa nínú àpòòwé pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé a fẹ́ kí òun fi kan nǹkan ni? Máníjà kò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sí i, ọkọ̀ ojú omi gbé ẹ̀rọ kan dé láti òkè òkun, nínú àpótí pákó tó tóbi ju ilé tí mò ń gbé lọ.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó dà bí férémù fèrèsé kan tí wọ́n gbé lé orí bẹ́líìtì, kí bisikíìtì lè máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Wáyà bàbà ni wọ́n wé yípo sínú férémù náà. Bí iná bá ń gba inú wáyà yìí kọjá, agbára kan tí ojú kò lè rí máa ń wà láyìíká rẹ̀, bí ooru ṣe máa ń wà láyìíká ààrò. Bí irin bá wọ inú agbára yìí, ì báà jẹ́ orí ìṣó lásán, yóò da agbára náà rú. Ẹ̀rọ á mọ̀ ọ́n lára, bẹ́líìtì á dúró, agogo á ké. Ohun tí kò yé wa ni pé agbára náà kò mọ ibi tí férémù parí sí. Bó ṣe wà nínú rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé bisikíìtì nìkan ni a ní kó máa ṣọ́. Ohunkóhun tó bá jẹ́ irin ládùúgbò, ó kàn án.

Nítorí náà, ó ké. Ó ké láàárọ̀, ó ké lọ́sàn-án, ó ké nígbà tí bisikíìtì ń kọjá àti nígbà tí bẹ́líìtì ṣófo. A fọ́ bisikíìtì sí wẹ́wẹ́, a jọ̀ ọ́ bí ẹní ń jọ èlùbọ́, a kò rí nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì wá di ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ bisikíìtì.

Máníjà ní kí n ka ìwé ìlànà tó bá ẹ̀rọ náà wá. Mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti sọ pé irin gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ náà, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo pa ìwé dé, mo sì lọ sọ fún máníjà pé mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ṣì wà lẹ́yìn èyí tí mo fàlà sí. N kò kà á. Ènìyàn tó ti mọ ìdáhùn, kí ló tún fẹ́ máa ka ìwé sí?

Ìdáhùn mi ni ohun ọ̀ṣọ́ àwọn obìnrin. Máníjà gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé kò ní yẹtí. Fóòmáànù gbà bẹ́ẹ̀ jù wá lọ. Ará Ìjẹ̀bú ni fóòmáànù wa, ọkùnrin gíga kan tó ń gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ ńlá kọ́ ìgbànú, tó jẹ́ pé dídún rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó to àwọn obìnrin sí ìlà, ó ní kí wọ́n bọ́ yẹtí, ẹ̀gbà ọwọ́, òrùka, pínnì. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì, ó sì gbé agolo náà ka ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa tó o. Nígbàkígbà tó bá gbé e láti wò ó bóyá ó pé, agogo á ké. Yóò bojú wẹ̀yìn láti wo obìnrin tó fà á.

Ọ̀la ọjọ́ náà ni mo kọ àkọlé. Máníjà ní kí n kọ ọ́ ní Yorùbá kí ó lè yé gbogbo wọn. Mo mú páálí, mo mú ọ̀dà pupa, mo kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà:

ERO YI N GBO IRIN. E SO IRIN YIN.

N kò fi àmì kankan sí i. Àwọn ọmọdé ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀, lójú tèmi. Ohun tí mo kọ ni pé ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ irin, kí wọ́n ṣọ́ irin wọn. Mo gbé e kọ́, mo sì dúró jìnnà díẹ̀ láti gbádùn ọwọ́ ara mi.

Nínú obìnrin mẹ́rìndínlógún tó ń ṣiṣẹ́ nídìí bẹ́líìtì, ọ̀kan ló mọ̀wé kà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé yàrá kan ní Agége, owó iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti dá rí nígbà èwe, kò sì jinná bó ṣe yẹ, nítorí náà ó máa ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ gan-an bó bá ń rìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé tírèè onípákó láti ẹnu ààrò wá sí ìdí bẹ́líìtì. Òun ni àwọn yòókù ní kó bá wọn ka páálí náà. Ó kà á sókè ketekete: “Ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ ìrìn. Ẹ ṣọ́ ìrìn yín.”

N kò sí nítòsí. Nígbà tí mo padà dé, mo bá obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ń yọ́ rìn lórí ìka ẹsẹ̀, tí wọ́n na ọwọ́ síta bí ẹni tó ń gba orí ògiri kọjá. Fóòmáànù dúró láàárín wọn, ó la ẹnu sílẹ̀.

“Kí lèyí? Ṣé adìyẹ lẹ fẹ́ jí ni?”

“Ọ̀gá, ẹ rọra sọ̀rọ̀,” ni àgbà inú wọn wí, “ó ń gbọ́.”

“Kí ló ń gbọ́?”

“Ẹ̀rọ ni, Ọ̀gá. Bóyá ó ti ń gbọ́ tiyín náà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín sínú gèlè. Fóòmáànù gbà pé òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì ṣì wọ́n gbọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé agogo náà dákẹ́. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta ló ké. Mo tètè lọ sọ fún máníjà pé àkọlé mi ti ṣiṣẹ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ yẹn gbóná lọ́wọ́ mi títí di ìgbà tí mo délé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta tó ké yìí, obìnrin tó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ló ń kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Kò lè rìn lórí ìka ẹsẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, fóòmáànù ti ṣe ìṣirò tirẹ̀: àwọn yòókù ti bọ́ irin wọn, agogo ò bá wọn wí mọ́, ẹni tí agogo ń bá wí ló ń fi irin pamọ́. Ó rántí pé síbí méjì tí a fi ń bu ìyẹ̀fun ti sọnù ní oṣù tó kọjá. Ó ní kí àgbà obìnrin mú un wọ inú sítọ̀, kí ó tú u wò. Wọ́n tú u wò. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó jáde, ó gbé tírèè, ó tẹ ẹsẹ̀, agogo ké.

“O gbọ́?” ni fóòmáànù wí níwájú gbogbo wọn. “Ẹ̀rọ òyìnbó kì í parọ́. Bó bá tún fi lè ké mọ́ ẹ lọ́la, má wá mọ́. Kí o sì dá síbí padà kí o tó lọ.”

Obìnrin náà wá bá mi ní àsìkò oúnjẹ. Mo jókòó sórí àpótí pákó tí ẹ̀rọ náà bá dé, mò ń jẹ bisikíìtì fífọ́. Kò kúnlẹ̀, kò sì kí mi.

“Bùrọ̀dá Iná, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ yín ń gbọ́ ìrìn. Ó gbọ́ ìrìn mi. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń wá síbí lára mi?”

Mo ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú sùúrù ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Yábàá, pé òun ló ṣì í kà. Mo ní irin ni mo kọ, kì í ṣe ìrìn.

“Àmì rẹ̀ dà?”

“Kò sídìí fún àmì. Kò sí ẹni tí yóò ṣì í kà.”

“Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló ṣì í kà, Bùrọ̀dá.”

“Ìwọ nìkan lo kà á. Àwọn yòókù kàn gbọ́ lẹ́nu rẹ ni.”

“Ó dáa. Èmi ni mo ṣì í kà. Ẹ wá sọ ìdí tí ẹ̀rọ náà fi ṣì í kà pẹ̀lú mi.”

Ó yí padà, ó lọ dúró nídìí bẹ́líìtì tó ṣófo, ó sì pè mí bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ọmọ tó fẹ́ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì fún mi láti wò: kò sí òrùka, kò sí ẹ̀gbà. Kò sí tírèè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Agogo ké.

“Ó kan ẹ̀yin báyìí. Ẹ dúró síbí. Ẹ fò sókè.”

“Kí n fò?”

“Àbí Yábàá ò kọ́ yín?”

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo yọ bírò àti sukurudíráfà kúrò nínú àpò, mo kó wọn jìnnà. Mo fò. Agogo ké mọ́ mi gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ké mọ́ olè síbí.

Ó tọ́ka sí ilẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan tó nípọn wà níbẹ̀ tí wọ́n fi bo gọ́tà tó gba abẹ́ bẹ́líìtì kọjá. Igun rẹ̀ kan kò jókòó dáadáa. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ gbọ́nyín-gbọ́nyín, ìdí rẹ̀ kejì á gbéra díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, á sì tún wálẹ̀. Bí ènìyàn bá yọ́ rìn, kò ní mì. Èmi ti ń gun irin yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́.

Mo lọ mú ìwé ìlànà. Gbólóhùn tí n kò kà náà ṣì wà níbi tó wà, lẹ́yìn ìlà tí mo fà, ó ń dúró dè mí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé irin tó bá dúró jẹ́ẹ́, a lè tún ẹ̀rọ náà ṣe títí yóò fi mọ́ ọn lára. Irin tó ń mì ni kò lè mọ́ ọn lára láéláé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí á yọ ọ́ kúrò tàbí kí á dè é pinpin. Mo kà á fún un. Ó ní kí n tún un kà. Ó wá ní:

“Ẹ̀rọ yín ń gbọ́ ìrìn. Òun nìkan ló mọ ohun tí ẹ kọ.”

Ọ̀sán yẹn ni mo ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí n ti ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Mo ní kí káfíńtà gé pákó tó nípọn, a gbé irin pẹlẹbẹ náà kúrò, a fi pákó bo gọ́tà. Mo fún gbogbo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bẹ́líìtì le, nítorí mẹ́rin nínú wọn ń jó. Mo ní kí wọ́n máa to agolo òfìfo sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní máa gbé e kọjá lẹ́bàá ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, mo tún ẹ̀rọ náà ṣe títí irin tó kù láyìíká rẹ̀, tí kò mì, fi mọ́ ọn lára.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ tí fóòmáànù dá fún un, obìnrin náà dé ṣáájú gbogbo wa. Máníjà wá, nítorí mo ti lọ sọ fún un pé a fẹ́ dán nǹkan wò. N kò tíì sọ fún un pé àṣìṣe ta ni. Mo fi ìṣó sórí bisikíìtì, ó kọjá, agogo ké, bẹ́líìtì dúró. Mo yọ ọ́. Obìnrin náà gbé tírèè rẹ̀ láti ẹnu ààrò, kò yọ́ rìn rárá. Ó tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń gún nǹkan lódó. Ó kọjá níwájú ẹ̀rọ, ó yí padà, ó tún kọjá. Kò sí ìró kankan ju ti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Fóòmáànù kò gbà. Ó ní agogo náà ti bàjẹ́. Ó súnmọ́ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti wo abẹ́ rẹ̀, ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì mì jìgìjìgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù. Agogo ké, kò sì dákẹ́, nítorí kò tètè yé e pé òun ni.

“Ọ̀gá,” ni àgbà obìnrin wí jẹ́jẹ́, “ẹ̀rọ òyìnbó kì í parọ́. Ẹ jẹ́ kí á tú yín wò.”

Máníjà pàápàá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Fóòmáànù bọ́ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e kọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, láti ọjọ́ náà a kò sì mọ ìgbà tó ń bọ̀ mọ́, èyí tó jẹ́ àdánù fún gbogbo wa. Wọ́n dá yẹtí àti ẹ̀gbà ọwọ́ padà fún àwọn tí kì í súnmọ́ ẹ̀rọ. Síbí méjèèjì jáde nígbà tí wọ́n gbọn àpò ìyẹ̀fun. Kò sí ẹni tó bẹ obìnrin náà. Máníjà kọ lẹ́tà sí òkè òkun pé ọ̀dọ́mọkùnrin onílàákàyè kan ló tún ẹ̀rọ ṣe. Mo ka ẹ̀dà rẹ̀. N kò tún un ṣe. Mo kàn lọ fi í han obìnrin náà ní àsìkò oúnjẹ, mo ní mo fẹ́ kó mọ̀ pé n kò jí iyìn rẹ̀.

“Ẹ jókòó,” ni ó wí. “Ẹ mú bírò kan nínú mẹ́ta yẹn. Ẹ kọ irin fún mi. Ẹ wá kọ ìrìn.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, mo lọ kí ìyá rẹ̀ ní Agége pẹ̀lú àwọn ènìyàn mi. Láti ìgbà náà, kò sí ìwé tí mo kọ sílẹ̀ fún un nílé, ì báà jẹ́ pé mo lọ ra kẹrosíìnì, tí n kò bá pẹ̀lú àmì tó fi bírò pupa sí i nígbà tí mo bá dé. Mo bínú fún bí ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó mọ́ mi lára.

Ìrìn rẹ̀ náà mọ́ mi lára. Mo mọ èyí tó túmọ̀ sí pé oúnjẹ ti jinná, mo mọ èyí tó túmọ̀ sí pé kí n dákẹ́. Ó pé oṣù mẹ́rin báyìí tí n kò gbọ́ ọ mọ́. Àwọn tó wá kí mi sọ pé yóò mọ́ mi lára. Wọn kò ka gbólóhùn kejì.

Páálí ìwé ètò tó ṣẹ́kù ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi. Mo ti fi ojú ewé kejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí Olúwa àti àwọn ọmọ mi yanjú ìyẹn láàárín ara wọn. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni n kò lè fi sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, láìsí àmì kankan: IRIN AJO IYA WA. Bírò pupa ni mo ń lò. Àmì méjì lórí ọ̀rọ̀ kìíní, màá gbé e kalẹ̀, màá mú òmíràn.

Ọmọ mi àgbà wọlé lánàá, ó bá mi nídìí rẹ̀.

“Bàbá, kí lẹ ń ṣe sí gbogbo ìwé yìí?”

“Mo ń fi àmì sí i.”

“Háà, Bàbá. Ta ló máa ṣì í kà?”

“Ohun tí èmi náà wí nìyẹn,” ni mo dá a lóhùn, mo sì mú ẹ̀dà mìíràn.